Èwo nínú Ẹ̀rọ Orin Mẹ́ta: Ìdáhùn sí Àṣàkẹ́

Kútọnu, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi mọ ìwúwo rẹ̀,

Mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé Mọrísì ọkọ rẹ ń rí iṣẹ́ ṣe? Ṣé ìyá ọkọ rẹ jí dáadáa? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ títí. Jókòó kí o tó máa ka ìwé yìí lọ, kí o sì kà á nínú yàrá rẹ, má kà á lágbàlá.

Ohùn tí o gbà sínú fóònù ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Àìkú dé ọwọ́ mi. O ní o fẹ́ ra ẹ̀rọ orin kékeré tí wọ́n ń pè ní lẹktẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe fóònù, torí pé bí o bá ti mú fóònù lọ́wọ́, wọn a ní ìyàwó tuntun ń tẹ fóònù láti àárọ̀. O ní oníṣọ́ọ̀bù kan ní Akpakpa kó mẹ́ta hàn ọ́. Ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ, kò ní ojú tí a ń wò, a lè fi í há etí aṣọ. Èkejì tó páálí ìṣáná, ó ní ojú kékeré àti ibi tí a ń ki káàdì bọ̀. Ẹ̀kẹta tóbi tó ọṣẹ ìfọṣọ kan, ó ń kọrin síta fúnra rẹ̀, ó sì ń gba rédíò. O wá ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n lò, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá mi lóhùn kó tó di Sátidé: èwo ni kí n mú?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ náà ní kí n kọ. Ó ń rán ṣòkòtò oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí mo ń wá bébà kiri yàrá.

"Ìyá Àṣàkẹ́, kí lò ń wá?"

"Bébà. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ wa."

"Lórí kí ni?"

"Ẹ̀rọ orin tó fẹ́ rà."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ̀rọ orin! Kọ 'àárín' síbẹ̀ kí o fi ránṣẹ́, ó parí. Láti ìgbà tí o ti wọ yunifásítì, o kò lè ní kí ènìyàn fún ọ níyọ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ ṣe ìfáárà."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta bá mi, torí òótọ́ ni. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan kí n má ronú pé ó ti kù díẹ̀ káàtó. Mo kó bébà mi wá sí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa. Kíláàsì kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí lórí àga tí mo jókòó sí yìí.

Àṣàkẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí n tó fi ọ̀rọ̀ jígà àti bátìrì bò ó. Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ. Ohùn obìnrin ni. Ó ń pè, "Ìyàwó! Ìyàwó o!" Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ dáadáa, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Ṣe ni o rẹ ohùn rẹ sílẹ̀, tí o sì ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin lọ. Mo ti gbọ́ ọ, mo tún gbọ́ ọ, bí mo ti ń tún ẹ̀kọ́ olùkọ́ gbọ́ kí ìdánwò tó dé, n kò sì tíì mọ ohun tí wọ́n sọ. Bóyá wọ́n kàn ní kí o wá gbé ìkòkò kúrò lórí iná ni. Bóyá ẹ̀rín lásán ni. Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀, má sì jẹ́ kí àwọn ará ilé ọ̀tún wa gbọ́ pé mo pa òwe náà. Mo mọ̀ pé n kò gbọ́ ọ tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú, ohun tí mo ń bi ara mi kò kúrò lórí ẹ̀mí mi: kí ni ọmọ mi fẹ́ fi orin dí létí?

Nígbà tí mo pè ọ́ padà, "bẹ́ẹ̀ ni, Màmá" àti "rárá, Màmá" ni o fi ń dá mi lóhùn, bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀. Bàbá rẹ ní aṣọ kan tí yóò gbé fún ènìyàn ní Akpakpa lọ́jọ́bọ̀, yóò sọdá wá sí Agblangandan, yóò fi í lé ọ lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o béèrè, kí o má ba à sọ pé mo fi ìbéèrè sílẹ̀ mo ń wàásù. Olùkọ́ wa kọ́ wa pé ká to ọ̀rọ̀ sí apá kìíní, apá kejì, apá kẹta, kí a má sì jẹ́ kí ọ̀kan wọ inú èkejì. Màá gbìyànjú. Bí ó bá dàrú, dárí jì mí. Èsì iṣẹ́ tí mo kọ fún un lẹ́ẹ̀kan rí dé pẹ̀lú ìlà pupa láti òkè délẹ̀, ó sì kọ sí ìdí rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀, ètò rẹ̀ kò sí.

O ní mo mọ ẹ̀rọ yìí lò. Mo mọ̀ ọ́n lò nítorí pé n kò mọ nǹkan mìíràn ni. Nígbà tí olùkọ́ bá ń sọ òfin láìsinmi, ọwọ́ mi kì í yá tó ẹnu rẹ̀. Bí mo bá fi máa kọ gbólóhùn kìíní tán, ó ti wà ní ìkẹrin, àwọn ọmọ tó yí mi ká sì ti ń kọ ọ́ lọ bí ẹni pé omi ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé, mo jókòó sí ibi ìjókòó iwájú, mo gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin kan dé bá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Tanti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta omi tútù kan fún mi." Mo ní n kì í ta omi. Ó ní, "Kí lẹ wá ń tà?" Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí, Bẹ̀nẹ́dítà, ló dá a lóhùn: "Òfin ló ń tà, lọ jókòó!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tíì yé ronú nípa rẹ̀. Bẹ̀nẹ́dítà yìí náà ló wá sọ fún mi pé, "Tanti, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ nílé." Bí mo ti ṣe di ẹni tó mọ ẹ̀rọ orin nìyẹn.

Ìkínní, títóbi rẹ̀. Èyí tó kéré jù lọ ló máa ń wu ènìyàn, torí ó dà bí ohun ọ̀ṣọ́. Irú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà. Kò ní ojú, nítorí náà ìwọ kọ́ lo ń yan orin, òun ló ń yàn fún ọ. Bọ́tìnì rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ. Bí ọwọ́ rẹ bá wà nínú ọṣẹ tàbí nínú epo, o kò ní lè dá a dúró lójijì, ìyàwó ilé sì nílò ohun tó ṣeé dá dúró lójijì. Ẹ̀wẹ̀, ó ń sọnù. Mo di tèmi mọ́ etí ìró mi bí a ti ń di owó mọ́ ọn, mo sì bọ́ ìró náà sínú omi ọṣẹ ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Nígbà tí mo máa rántí, omi ti wọ inú rẹ̀. Mo gbé e sínú ìrẹsì bí wọ́n ti ní kí n ṣe, bàbá rẹ sì ń bi mí bóyá mo fẹ́ sè é ni. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ. Ohun kékeré ní wàhálà tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí tó tóbi tó ọṣẹ, ohùn rẹ̀ dára, bátìrì rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo agbo ilé ni yóò máa bá ọ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń fi orin síta nínú agbo ilé ń fi ohun tó fẹ́ràn han gbogbo ènìyàn ni. Àwọn kan yóò jó, àwọn kan yóò ní ìyàwó tuntun sọ ilé di ilé ọtí.

Èkejì, tó tó páálí ìṣáná, ọwọ́ mọ̀ ọ́n láìsí pé ojú wò ó. Ó wọ àpò, kò sì wọ inú ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò lórí títóbi, mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan. Nínú ohùn rẹ, èyí tó kéré jù lọ ni o fi ẹnu bà jù. O ní, "Èyí kékeré yìí, Màmá, kò sẹ́ni tó máa rí i lábẹ́ gèlè." Kí ló dé tí kò gbọdọ̀ sí ẹni tó rí i? Ọmọ mi, ohun tí a bá ń wọ̀n kí a lè fi pamọ́, kì í ṣe bí ó ti tóbi tó là ń wọ̀n mọ́.

Ó ti ń dàrú. Jẹ́ kí n padà sí ètò.

Ìkejì, bí orin ti pọ̀ tó tó lè gbà. Jígà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Oníṣọ́ọ̀bù náà sọ fún ọ pé káàdì tó wà nínú ẹ̀kẹta jẹ́ jígà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, o sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó rí ìṣúra. Má jẹ́ kí iye yẹn mú ọ lójú. Jígà mẹ́jọ tó fún ọ. O lè fi orin sí i láti Agblangandan dé Màláńfíllì ní ìpẹ̀kun àríwá kí o padà, kó má tíì tún ọ̀kan kọ. Bí o bá fẹ́ máa gba ohùn sílẹ̀ bíi tèmi, mú jígà mẹ́rìndínlógún. Ohun tó ju ìyẹn lọ, ìgbéraga ni.

Iye tí wọ́n kọ sára káàdì kì í sì í ṣe iye tó wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ra irú èyí tí wọ́n kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sí lára lọ́wọ́ ẹnì kan tó tẹ́ ọjà sórí tábìlì létí títì. Mo fi í sínú ẹ̀rọ tí mo fi rọ́pò èyí tí omi wọ̀, mo fi gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbọ́ wọn padà, orúkọ gbogbo ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ohùn nínú wọn. Díẹ̀ tó kọ́kọ́ wọlé nìkan ló dún. Bẹ̀nẹ́dítà kó ìwé tirẹ̀ fún mi, mo sì fi ọwọ́ dà á kọ. Nítorí náà, kí o tó sanwó, jẹ́ kí ó kó orin sínú káàdì náà títí yóò fi kún, kí o sì gbọ́ èyí tó wọlé kẹ́yìn. Má gbọ́ ti àkọ́kọ́, ti àkọ́kọ́ kì í purọ́. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní òun kò ráyè, kí ìwọ náà sọ fún un pé o kò ráyè.

Ìkẹta, owó rẹ̀. Èyí tó kéré jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ti àárín jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, èyí tó tóbi jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún sẹ́fà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tó pa owó ló dùn. Wo ihò tí wáyà etí ń wọ̀. Ki wáyà náà bọ̀ ọ́, mì í díẹ̀. Bí etí kan bá dákẹ́, gbé e padà fún un. Wo ihò iná: bí ṣájà fóònù rẹ bá wọ̀ ọ́, ó dára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ṣájà tirẹ̀ bá bàjẹ́ ni ẹ̀rọ náà kú. Bi oníṣọ́ọ̀bù bóyá o lè gbé e padà bí ó bá ní àìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì wo ojú rẹ̀ bó ti ń dáhùn. Ìdáhùn mi nìyẹn: mú ti àárín. Bàbá rẹ ti sọ ọ́ ṣáájú mi láìdìde kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Má sọ fún un pé mo gbà.

N ò bá fi ìwé sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ti ká a pọ̀ nígbà kan, mo ti kó o sínú àpòòwé pàápàá. Ṣùgbọ́n mo tún jókòó, nítorí ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí nípa ìgbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ní Pọ̀bẹ̀, nílé ìyá bàbá rẹ.

Ilé ìwé ni mo ti lọ sílé ọkọ. Bákì, ìdánwò àṣeparí ilé ìwé girama, ló kù kí n ṣe. Bàbá rẹ ti ṣèlérí pé màá máa ka ìwé mi lọ, ó sì ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n Kútọnu níbí ló ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò burú, ìyá àgbà yẹn. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó kàn jẹ́ ẹni tó ń rò síta ni. Bí mo bá jókòó ti ìwé, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa bá ògiri sọ̀rọ̀: "Ògiri, o rí ayé? Ìyàwó ń kàwé, iná ń kú. Ọkà tí kò jinná, ṣé ìwé la ó fi jẹ ẹ́?" Àwọn ìyàwó ilé yòókù á rẹ́rìn-ín. N kò lè dáhùn, ìyàwó tuntun ni mí. N kò lè dìde, ìyẹn náà ìwọ̀sí ni. Mo fi owó tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ní wáyà etí. Mo ń gbé wáyà náà gba abẹ́ gèlè. Mo ń lọ ata, mo ń gbálẹ̀, orin ń dún, inú mi dùn.

Wàyí o, ìyá àgbà wọ ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọṣẹ bo ojú rẹ̀, omi sì tán. Ó pè mí. Ó tún pè mí. Wọ́n ní àwọn ará ilé kejì gbọ́, wọ́n ń dáhùn fún mi pé, "Ìyàwó, wọ́n ń pè ọ́ o!" Èmi ń lọ ata lọ ní tèmi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá àgbà ló dúró níwájú mi, ìró gba àyà, fóòmù ọṣẹ funfun báláú lójú, ó di ojú kan, ó ń fi ọ̀kan wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wò ó! Adití ni wọ́n gbé fún ọmọ mi!" Ìyàwó Adití di orúkọ mi láti ọjọ́ náà. Àwọn ọmọdé fi ń pè mí, àwọn àgbà fi ń ṣe àwàdà. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ rí nígbà tí a lọ síbẹ̀ lọ́dún tuntun, o sì bi mí bóyá etí ń dùn mí nígbà náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìtìjú yẹn kọ́ ló ń dùn mí. A ti rẹ́rìn-ín sí i, èmi àti ìyá àgbà, kó tó kú. Ohun tó tẹ̀ lé e ni. Nígbà tí wọ́n ti gbà pé adití ni mí, wọ́n ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi níwájú mi. Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀, torí ó rọrùn. Ní ọjọ́ kan, àwọn kan jókòó lágbàlá, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń tọ́ka sí yàrá mi. Mo rí ẹnu wọn tó ń lọ sókè sódò. Mo mọ̀ pé nípa mi ni. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe, Àṣàkẹ́? Mo fi kún orin. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè títí tí etí mi fi ń hó. Nígbà tí ọjọ́ kejì mọ́, ìwé mi kò sí nínú yàrá mọ́. Wọ́n ti kó o fún obìnrin tó ń dín àkàrà, pé kó máa fi wé e. Ká ní mo yọ wáyà kúrò létí, tí mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń lò ó," bóyá wọn ì bá ti fi sílẹ̀. Bóyá wọn ì bá má fi sílẹ̀. N kò mọ̀, n kò sì ní mọ̀ láéláé, torí n kò sọ̀rọ̀. N kò sọ fún bàbá rẹ títí ó fi dé ní ọdún Àjíǹde. N kò sọ fún ìyá mi rárá. Mo ní ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí o dàgbà tán ni mo tó ṣe bákì, tí mo wà láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí ọ lónìí, tí wọ́n ń béèrè omi tútù lọ́wọ́ mi. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kì í fi ariwo bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀rù pé mò ń fi ojú tèmi wo ọ̀rọ̀ tìrẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, ìwọ pàápàá kò sì tíì rojọ́ fún mi, mo ti ń dá a. Ìyá ọkọ rẹ jẹ́ ènìyàn tó ń gbé ọbẹ̀ fún mi lọ sílé nígbàkigbà tí mo bá wá. Bóyá ó ń pè ọ́ torí pé ó fẹ́ràn ọ. Bóyá o kàn fẹ́ gbọ́ orin rẹ kí iṣẹ́ lè yá ni, bí gbogbo ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó kù kéré. Má ki wáyà bọ etí méjèèjì, fi etí kan sílẹ̀ fún ilé. Kí o tó lò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mú un lọ bá ìyá ọkọ rẹ, kí o kúnlẹ̀, kí o ní, "Màmá, ẹ wo ohun tí mo rà o." Ki wáyà kan bọ̀ ọ́ létí. Bi í ní orin tó fẹ́ràn nígbà tó jẹ́ ọmọge, kí o wá a sínú rẹ̀. Ohun tí àgbà bá ti gbọ́ orin tirẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní pè é ní ohun ìkà. Jẹ́ kí Mọrísì mọ̀ pẹ̀lú, má jẹ́ kó bá a lábẹ́ gèlè.

Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá wà tí wọ́n ń sọ nínú ilé yẹn tí o kò lè fara dà, gbọ́ ọ tán. Gbọ́ ọ tán, kí o sọ fún ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún mi. Mo ti fi "ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́" kì ọ́ nílọ̀ ní ọjọ́ tí a ń sìn ọ́ lọ, gbogbo ẹbí sì ṣe àmín. N kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà wà nílé ẹ̀kọ́ báyìí, mo sì ń rí i pé ní ilé ẹ̀kọ́, bí nǹkan kò bá yé ènìyàn, ó ń gbé ọwọ́ sókè. Àwọn ọmọ á yíjú wò mí, ṣùgbọ́n mo ń gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó tíì lé mi jáde nítorí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ti ń wọ kíláàsì, Bẹ̀nẹ́dítà ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, ó ń juwọ́ pé olùkọ́ ti dé. N kò mọ̀ bóyá ohun tí mo kọ yìí dára. Ì bá jẹ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún olùkọ́ ni, mi ò bá ya á.

Má tíì ra èyíkéyìí. Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣe tán ní ilé, màá wá sí Agblangandan. Màá jókòó, màá kí ìyá ọkọ rẹ bó ti yẹ, màá mu omi tó bá bù fún mi, n kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan níwájú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bá dìde, màá ní, "Ẹ jẹ́ kí Àṣàkẹ́ sìn mí dé títì." Kò sí ìyá ọkọ tí yóò sọ pé kí ìyàwó má sin ìyá rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà yín dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà oní-zémì ń dúró sí kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó tó fún gbólóhùn kan. Bí o bá ní, "Màmá, orin lásán ni mo fẹ́ gbọ́," màá gbà ọ́ gbọ́, a ó jọ lọ sí Akpakpa lọ mú ti àárín, màá sì bá ọ gbọ́ èyí tó wọlé kẹ́yìn nínú káàdì náà. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ, má wá a. Gun zémì tó bá tẹ̀ lé tèmi. N kò ní bi ọ́ ní ohunkóhun títí a ó fi dé ilé bàbá rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó bí ọ,
ní Gbégamey.